Ìfaradà Òṣìṣẹ́ ní Ìgbà Ọgbọ́n Àtọwọ́dá



Ní ọdún 2016, Geoffrey Hinton, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ tó fi ìpìlẹ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá òde òní lélẹ̀, sọ pé kí wọ́n ṣíwọ́ kíkọ́ àwọn dókítà tó ń ka fọ́tò inú ara, pé láàárín ọdún márùn-ún ẹ̀rọ yóò mọ̀ ọ́n kà jù wọ́n lọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024. Àwọn dókítà náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé ìwòsàn púpọ̀ sì ń wá wọn. Àwọn awo yóò ṣàkíyèsí pé àsọtẹ́lẹ̀ náà kò ní ẹbọ nínú.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní Swídìn, dókítà méjì ló sábà máa ń ka fọ́tò ọyàn obìnrin kọ̀ọ̀kan láti wá jẹjẹrẹ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lórí obìnrin tó lé ní 80,000, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé nígbà tí ẹ̀rọ bá wọn ṣà á, iṣẹ́ kíkà náà fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, jẹjẹrẹ tí wọ́n rí kò sì dínkù. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni.

Ṣùgbọ́n ní Póláńdì, ìwádìí mìíràn jáde ní 2025, lórí àwọn dókítà tó ń fi kámẹ́rà wo ìfun ńlá. Kí ẹ̀rọ tó dé, nínú àyẹ̀wò 100, wọ́n ń rí kókó tó lè di jẹjẹrẹ nínú bíi 28. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ẹ̀rọ ti ń bá wọn tọ́ka, ohun tí àwọn fúnra wọn ń rí nígbà tí wọn kò lò ó di bíi 22. Ìwádìí kan ṣoṣo kọ́ ni ẹjọ́ yóò parí lé, ṣùgbọ́n àgbà oníṣẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́. Bí ojú àgbà bá lè kú báyìí, ojú tí kò tíì là ńkọ́?

Ọmọ awo kì í ti orí ọ̀ràn tó le bẹ̀rẹ̀. Yóò mọ ojú Odù mẹ́rìndínlógún lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, yóò já ewé, yóò jókòó ti olúwo nígbà tó ń dífá fún ẹni tó wá béèrè, títí yóò fi mọ ẹsẹ tó bá ọ̀ràn mu. Fóònù lè gba ẹsẹ tó pọ̀ lónìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀; síbẹ̀ olúwo ṣì ń ní kí ọmọ kì í láìwo ohunkóhun.

Ní báǹkì, ní ilé ìwé ìròyìn, ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, iṣẹ́ kéékèèké tí ẹni tuntun fi ń mọ iṣẹ́ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún ẹ̀rọ. Owó oṣù ọmọ kan dínkù lónìí. Ta ni yóò wá mọ àṣìṣe ẹ̀rọ náà nígbà tí àwọn àgbà bá fẹ̀yìn tì?

Kí òṣìṣẹ́ kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣí èsì ẹ̀rọ. Kí ọjọ́ kan máa wà tí wọn kò ní tan ẹ̀rọ náà rárá. Wákàtí tí ó bá sì gbà wọ́n lọ́wọ́ làálàá, kí wọ́n yọ nínú rẹ̀ fún kíkọ́ ẹni tuntun. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí i pé èyí wọnú ìwé àdéhùn, nítorí ọ̀gá tó ṣèlérí lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.