Afẹ́fẹ́ inú táyà: owó ni, ẹ̀mí sì ni

Ọ̀rọ̀ òní kan àwọn tí ń gun alùpùpù, ó sì kan gbogbo wa tí à ń jókòó lẹ́yìn wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, onízẹ́míjàn kan gbé mi láti Kétu lọ sí Ìpọ́bẹ̀. Oòrùn mú gan-an. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó tẹ ẹnu táyà, afẹ́fẹ́ sì ń jáde. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, bí a kò bá dín in kù, oòrùn yìí á jẹ́ kí táyà bẹ́.» A dé ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n orí ló kó wa yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bí ó ti gbà. Àṣìṣe ni.

Ẹ mú wáyà kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Ojú ibẹ̀ á gbóná, lẹ́yìn náà á kán. Bẹ́ẹ̀ ni táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ṣe ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń yí. Títẹ̀ yìí ń mú un gbóná. Ooru náà ni ń ba inú rẹ̀ jẹ́ títí yóò fi bẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó dín afẹ́fẹ́ kù nítorí ooru, ooru ló fi kún un.

Ó ń jẹ owó pẹ̀lú. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé bí táyà bá rọ̀, ẹsẹ̀ á ro ni. Ẹ́ńjìnnì náà ń ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀, epo ló sì fi ń san án. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, gbogbo wa la mọ bí epo tí ń ti ọ̀hún wá ṣe wọ́n tó.

Àpọ̀jù afẹ́fẹ́ náà kò dára. Táyà tí ó le jù kì í di ilẹ̀ mú dáadáa. Á máa ta lórí òkúta, á sì máa yọ̀ nígbà òjò.

Kí ni kí á ṣe?

1. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀, kí ẹ tó gùn ún. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jò. Ojú àti àtàǹpàkò kò lè mọ̀ ọ́n.

2. Ẹ ka nọ́ńbà tí ó yẹ. Ó máa ń wà nínú ìwé alùpùpù, tàbí lára bébà tí a lẹ̀ mọ́ ìbòrí ṣéènì. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé ènìyàn tàbí ẹrù, ti ẹ̀yìn lè pọ̀ sí i. Bar 2,25 àti psi 33 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

3. Nọ́ńbà tí ó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Òpin ohun tí ó lè gbà nìyẹn.

4. Bí táyà bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ sinmi, ẹ dín ẹrù kù. Ẹ má tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn ló ń ka nọ́ńbà fún wa. Ní báyìí, ẹ ti lè kà á fúnra yín. Kí á tó tún pàdé, ẹ wá nọ́ńbà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín. Ó dàbọ̀ o.