Ẹrù Ò Mọ̀ Pé A Fi Irin Kún Sípíríǹgì

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tó jẹ́ oníṣẹ́ sípíríǹgì, bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ìmúrasílẹ̀ fún àjọ̀dún ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, àga tí a jókòó lé, àyálò ni. Lónìí a ní àga tiwa, a ní kánópì tiwa, a ní jẹnẹrétọ̀, a sì ní píkọ́ọ̀pù tó ń kó gbogbo wọn káàkiri. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí píkọ́ọ̀pù náà. Ẹ fẹ́ kí á tún lọ pàgọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Ìkógòsì nínú àjọ̀dún yìí, ìgbìmọ̀ sì ti ya owó sọ́tọ̀ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè gbé ẹrù dáadáa. Àwọn kan ní kí á fi ewé sípíríǹgì kún un. Àwọn kan ní kí á ra àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Gbogbo yín wá ń wo ojú mi, nítorí pé iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn, òun náà ni mo fi ń bọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò tíì sọ ní gbangba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Gbogbo wa la rántí ìrìn àjò wa tó kọjá. A kúrò ní Iléṣà láàárọ̀, a forí lé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé òkè ló pọ̀ níbẹ̀: ẹ ó gùn, ẹ ó sọ̀. Níbi ìsọ̀kalẹ̀ kan, dẹ́rẹ́bà wa tẹ bíréèkì, bíréèkì rọ̀ bí àmàlà. Ó darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan, ibẹ̀ ló dúró sí. Ẹ̀mí kankan kò lọ. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta tó jókòó sórí ẹrù já bọ́, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí a ṣèpàdé lé e lórí, a ní dẹ́rẹ́bà sáré jù. A ní kó máa lọ. Mo wà níjókòó lọ́jọ́ náà, n kò sì la ẹnu mi.

Ẹgbẹ́ mi, dẹ́rẹ́bà kò sáré. Èmi ni mo ṣe ọkọ̀ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò náà, ẹ ní ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ń wálẹ̀ jù, kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo fi ewé sípíríǹgì méjì kún ọ̀tún, mo fi méjì kún òsì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ gòkè. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí a ń kó ẹrù, ẹnìkan ní, “Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ tíì wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kó sí i.” A sì ń kó sí i. Mo mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù, àmọ́ inú mi dùn pé iṣẹ́ mi ń gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọkọ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, irin pẹlẹbẹ mélòó kan ni, tí a tò lé ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń pè ní ewé. Àwọn tòkè ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Ewé ìsàlẹ̀ pátápátá máa ń nípọn, àmọ́ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àfi bí ẹrù bá ti tẹ àwọn tòkè wálẹ̀ bá a. Bí a bá fi ewé kún un, ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní wálẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan ló ń ṣe. Kò fi kún agbára bíréèkì. Kò fi kún agbára táyà. Kò fi kún agbára àkísù, kò sì fi kún agbára ṣásí. Ọkọ̀ tó wálẹ̀ lẹ́yìn ń sọ̀rọ̀, ó ń ní, “Ẹrù yìí ti tó.” Ewé tí mo fi kún un ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun kejì burú ju ìyẹn lọ. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, títí kan tiwa, irin tín-ín-rín kan wà tó so ṣásí pọ̀ mọ́ àkísù ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀, irin yìí á jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ sí i. Bí ẹ̀yìn bá ga, á gbà pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù, kí táyà má baà dì kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Mo gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, n kò sì tún irin yẹn tò. Ọkọ̀ kún fọ́fọ́, irin ń ní ó ṣófo. Bíréèkì iwájú nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ náà ṣe ní gbogbo ìsọ̀kalẹ̀ yẹn. Ó gbóná títí, agbára rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, mo kó ẹrù wa lọ sórí ìwọ̀n tí ẹnìkan fi ń ra kòkó. Ohun tí mo rí nìyí. Kẹ́ẹ̀gì omi 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan lítà 25. Lítà omi kan, kílò kan ni, omi nìkan ti di 300 kílò. Àga oníke 60 jẹ́ 150 kílò. Kánópì méjì pẹ̀lú irin wọn jẹ́ 160. Jẹnẹrétọ̀ jẹ́ 80. Gáàsì, ìkòkò, kúlà àti oúnjẹ jẹ́ 150. Àpapọ̀ ẹrù jẹ́ 840 kílò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé kò tíì pé tọ́ọ̀nù kan. Èèyàn ńkọ́? Èèyàn márùn-ún nínú ọkọ̀, ọmọ mẹ́ta lórí ẹrù. Bí a bá ka ẹnìkọ̀ọ̀kan sí 70 kílò, 560 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ di 1,400 kílò. Ohun tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ wa fàyè gbà jẹ́ 1,000 kílò, èèyàn pẹ̀lú ẹrù. 400 kílò ló fi lé: àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ gbáko.

Ẹ tún wá wo èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí mo ti sunkún tán. Omi ló wúwo jù nínú ẹrù wa. Ibo la sì ń ru omi lọ? Ìkógòsì! Ìlú tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun láti inú ilẹ̀, tí wọ́n sì ń pàdé ara wọn. Bí ẹni ń ru iyọ̀ lọ sínú òkun ni.

Nítorí náà, àwọn tó ní kí á ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ kò jẹ̀bi. Sípíríǹgì wa ti rẹ̀. Kódà bí ẹrù kò bá ju ohun tó yẹ lọ, ẹ̀yìn á ṣì wálẹ̀, iná iwájú á máa wo ojú ọ̀run, sítíárìn á sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ó yẹ kí á tún un ṣe. Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí á fẹnu kò lé lórí.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí n yọ àwọn ewé tí mo fi kún un. Ká ra odidi sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún irú píkọ́ọ̀pù yìí láti máa gbé ẹrù, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí U-bolt àti rọ́bà ojú sípíríǹgì jẹ́ tuntun. Bóòtì inú rọ́bà náà, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti fi táyà rẹ̀ dúró nílẹ̀ la ó tó fún un gan-an. Bí ọkọ̀ bá sì ti rin nǹkan bí 500 kìlómítà, ẹ dá a padà fún mi kí n tún U-bolt fún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè fi iná yọ́ ti àtijọ́ kí òun tẹ̀ ẹ́ sókè lówó pọ́ọ́kú, ẹ má gbà. Alágbẹ̀dẹ wa ń fi ògbólógbòó sípíríǹgì rọ àdá, iná ló sì fi ń rọ̀ ọ́. Iná tó jẹ́ kí irin gbọ́ràn sí alágbẹ̀dẹ lẹ́nu náà ni yóò ba agbára rẹ̀ jẹ́ lábẹ́ ọkọ̀.

Èkejì, ká pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ẹrù, òun ló ń jẹ́ kí sípíríǹgì dẹ́kun fífò. Sípíríǹgì tuntun pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, ijó ni ọkọ̀ á máa jó lójú títì.

Ẹ̀kẹta, kí oníbíréèkì tún irin tí mo sọ yẹn tò bó ṣe yẹ, kí ọkọ̀ tó gbé ẹrù kankan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ àpò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ná. Ó dára fún ẹni tó mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ tí kì í kọjá rẹ̀. Àmọ́ ojú kan lára ṣásí ló ti ń tì í, bí ẹrù bá sì pọ̀ jù lẹ́yìn, ṣásí lè tẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń wọn ẹrù, kò tíì tó nǹkan tí yóò bá wa fi ìwọ̀n pamọ́.

Ẹ̀karùn-ún, táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ má fi ojú lásán ra tòkunbọ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹrù wíwúwo kó wà nísàlẹ̀, kó sún mọ́ ẹ̀yìn ibi tí dẹ́rẹ́bà jókòó sí. Bí a bá kó o sí ìdí ọkọ̀ pátápátá, yóò máa gbé iwájú sókè. Kí á háyà ọkọ̀ kejì fún àga àti kánópì. Kí á lo omi Ìkógòsì ní Ìkógòsì.

Ìkeje kò ní àríyànjiyàn nínú: ọmọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sórí ẹrù mọ́. Apá ọmọ yẹn ti san, a dúpẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Alága, iṣẹ́ ọwọ́ tèmi lórí gbogbo èyí, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ohun tí a ó rà nìkan ni ẹgbẹ́ yóò sanwó fún. Àmọ́ ohun kan ṣẹ́ kù tí owó kò lè rà. Mo ti lọ bá dẹ́rẹ́bà nílé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò ni sí mi. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ dá, ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ tú u. Mo bẹ̀ yín, kí á tó lọ sí Ìkógòsì, ẹ jẹ́ kí á ránṣẹ́ pè é, kí á bẹ̀ ẹ́ ní gbangba bí a ṣe dá a lẹ́bi ní gbangba, kí á sì dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún un bó bá ṣì fẹ́ ẹ.

Ẹgbẹ́ wa kò ní fọ́. Ọ̀nà kò ní nà wá. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. A ó jọ ṣe ogún ọdún, a ó sì jọ ṣe ọgbọ̀n.