Kọ̀ǹpútà Ń Bọ̀ Nítòsí: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ṣọ́ọ̀bù Tuntun Tí A Ń Retí ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Olúwa á jẹ́ kí gbogbo wa pé jọ ṣe ogún ọdún.

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa. Alága ti na aago ọwọ́ wọn sí wa lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dìde, òórùn ìrẹsì náà sì ti ń ta sí wa nímú, nítorí náà a ó lọ tààrà sórí ọ̀rọ̀.

Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ̀ pé láti bí oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nípàdé wa. Ọ̀kan nínú wa tó ní ilé lẹ́bàá títì sọ pé ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wá béèrè iye tí òun ń gba lórí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ni àwọn méjèèjì ní àwọn fẹ́ tà. Bí a ṣe gbọ́ èyí ni àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ kó owó àjẹṣẹ́kù, kí a fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà kí ẹlòmíì tó ṣáájú wa. Àwọn mìíràn ní rárá, wọ́n ní àwọn àlejò wọ̀nyí ni yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe lábẹ́ agboòrùn ní ìkóríta. Ohùn ga lọ́jọ́ náà. A dúpẹ́ pé kò ju ohùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí oníṣòwò fi lè fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ìlú tó ń wá ọjà kiri, ọ̀nà ló ń gbé ọjà wá bá a. Títì tó ti Ṣágámù wá tó ń lọ sí Bìní gba àárín wa kọjá, ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti yà sí Oǹdó, ibẹ̀ ni ẹ ó ti yà sí Òkìtìpupa. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Àsàbà tàbí Oníṣà rí yóò ti jẹun ní Ọ̀rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ nǹkan kan, yóò ti ra búrẹ́dì. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Bìáfírà gbà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967 lẹ́yìn tí wọ́n gba Bìní, tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa kí wọ́n tó dá wọn padà. Títí di òní, bí nǹkan bá le, àwọn àgbà á ní, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Bí ogun bá lè mọ ojú ọ̀nà wa, kí ló fẹ́ dí òwò lọ́wọ́?

Síbẹ̀, kòkó, epo, gẹdú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn ni wọ́n mọ̀ wá mọ́. Kọ̀ǹpútà kì í dúró. Inú ọkọ̀ ni í wà, yóò kọjá wa lóru, yóò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á nínú wa á lọ sí Oǹdó, Àkúrẹ́, Bìní, tàbí kó gba Ìkẹjà lọ. Ọmọ ọ̀kan nínú wa gba Èkó lọ lọ́dún tó kọjá kó tó wọ yunifásítì. Ó ra láptọ́ọ̀pù, ó gbé e délé, ó tàn. Lọ́jọ́ kẹta ó béèrè páswọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ kan nílùú òyìnbó tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń lò ó, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó padà dé ọ̀hún, ẹni tó tà á fún un ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà tó jókòó sí. Kò sí rìsíìtì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ní ìkóríta wa ni wọ́n ti tà á fún un ni, ìyá rẹ̀ ì bá ti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú àpótí rẹ̀. A mọ ìyá náà. Wọn ì bá dá owó padà.

Àǹfààní kìíní tí a rí nìyẹn, ẹni tó ń tajà fún ọ kò gbọdọ̀ jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ lè gbé ọ dé bí o bá ń bínú.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa, òun gan-an ló sì ń dùn wá jù. Ní ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò wọn. Nígbà tó fi máa di 2015, kò sí ti bébà mọ́, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀. WAEC náà bẹ̀rẹ̀ ti àwọn tó ń dá ìdánwò ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní 2024, àwọn ọmọ ilé ìwé ló sì kàn. Ẹ wá wo ọmọ tó jáde láti Araromi-Obu tàbí Agbábù, tó mọ ìwé dáadáa, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì. Iṣẹ́jú ń lọ, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà nílé ti dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá. Nígbà tí èsì bá dé, a ó ní ọmọ tàkọ́kọ́ kò mọ ìwé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lábẹ́ agboòrùn. Ìbẹ̀rù tí àwọn kan nínú wa ní kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Òpópónà Otigba ní Ìkẹjà, tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village lónìí, ilé gbígbé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tún un ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbẹ̀. Àwọn onílé sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ọjà náà kún dé Ọlá-Ayẹni àti àwọn òpópónà mìíràn nítòsí. Nígbà tí GSM dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, fóònù náà bá a kún un. Kì í ṣe ìjọba ló dá a sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn á kó wọn lọ sí Katangowa.

Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń tún un ṣe kò kú nígbà tí àwọn tó ń tà á pọ̀. Wọ́n pọ̀ sí i ni. Wọ́n ń kó ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tó ti òkè òkun dé, wọ́n ń tò ó pọ̀ di odindi, wọ́n ń gba ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ń gba fíríìdọ̀mù, òun náà á dá dúró. Ọjọ́ kan péré ni ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fi jèrè lórí rẹ̀, ẹni tó ń tún un ṣe á máa rí i fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó wà nínú ewu gan-an ni ẹni tó jẹ́ pé ìbòrí fóònù àti ṣájà nìkan ló ń tà, nítorí ṣọ́ọ̀bù ńlá á kó ìyẹn wá ní ẹ̀dínwó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a kò sì ní fi ṣúgà sí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́ iṣẹ́ kún ọjà títà nísinsin yìí, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n bá wá dé, báwo ni a ó ṣe rà á? Tòkunbọ̀ ló máa pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ má tan ara yín. Kí dọ́là tó yí padà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, kò tó 500 náírà ní ọwọ́ ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti ju 1,500 lọ. Gbogbo ọjà tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló bá a gòkè, tuntun sì kúrò ní ohun tí olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ lè nawọ́ sí.

Ó tún ní ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í fẹ́ gba ẹ̀rọ àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ, tó jáde ní 2017, lọ sókè ni wọ́n fọwọ́ sí, bí a bá yọ díẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń kó èyí tí kò gbà á síta, a sì mọ ibi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí. Yóò mọ́lẹ̀, yóò dán, owó rẹ̀ yóò sì dára létí. Ẹ ní kí wọ́n fi ìran rẹ̀ hàn yín. Bí ẹni tó ń tà á bá ní “ìran kò ṣe nǹkan kan,” ẹ rọra kí i pé ó dàbọ̀. Kì í ṣe pé èyí tó ti dàgbà kò wúlò fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ o, ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ jọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ yọ ṣájà rẹ̀ kúrò, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí bátìrì fún ìdajì wákàtí níṣojú yín. Ẹ pa á pátápátá, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wò ó bóyá yóò béèrè páswọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́, àti nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n jí ni, rìsíìtì yẹn ni ẹ ó fi han ọlọ́pàá.

Nípa iná, a kò ní pẹ́ níbẹ̀, gbogbo wa la jọ ń jẹ ìyà rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti orí tábìlì. Kò fa iná púpọ̀, sólà kékeré gbé e, ẹ kò sì nílò láti tan jẹnẹrétọ̀ lójú owó epo tó wà lóde láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tajà nínú wa, iṣẹ́ báńkì tí a ń ṣe kò ní jẹ́ kí a dákẹ́. Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà fún ẹnikẹ́ni nítorí pé fóònù dún. Álẹ́ẹ̀tì tó wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó. Ẹ ṣí àkáǹtì yín, kí ẹ rí i pé owó ti wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń kánjú, tó ní ọkọ̀ ń dúró de òun lórí títì, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ìlú ìkóríta ni tiwa, ẹni tó bá fi álẹ́ẹ̀tì èké gbé ọjà yín á ti dé Bìní kí ẹ tó parí igbe. Ẹ má sì fi owó tí ẹ yá fún oṣù mẹ́ta ra ọjà tí yóò pẹ́ ní oṣù mẹ́fà kó tó tà.

Ó kan owó àjẹṣẹ́kù wa. Àwa ìgbìmọ̀ jókòó lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Èrò wa ni pé kí a má kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà. Owó yẹn kì í ṣe owó ẹgbẹ́ nìkan, owó ọkùnrin tó fẹ́ san owó ilé ìwé ní oṣù Kẹsàn-án ni, owó obìnrin tó fẹ́ ra kòkó lásìkò ni. Bí a bá rì í mọ́ sìmẹ́ńtì, a kò lè fa bíríkì yọ fún ẹni tó bá wá gbowó. Àwọn àlejò tó ń béèrè ṣọ́ọ̀bù lónìí lè dúró ọdún méjì kí wọ́n tún lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ méjì péré sí iwájú ilẹ̀ wa. Ọ̀kan, kí a fi fún ẹni tó bá san owó tó tọ́. Ìkejì, kí a fún àwọn ọmọ wa tó ń tún nǹkan ṣe, kí wọ́n jọ lò ó ní ìdajì owó, kí wọ́n kúrò lábẹ́ oòrùn, kí wọ́n sì máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì méjì lọ́dọọdún láti ìdílé tí kò ní.

Nínú owó tí ẹ ó ná fún wa lónìí, a bẹ̀bẹ̀ pé kí a ya ìdá kan sọ́tọ̀ fún láptọ́ọ̀pù mẹ́wàá tí a ó gbé sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB á máa wá fọwọ́ kàn án, yálà bàbá wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tàbí kò jẹ́. A mọ̀ pé ibi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn kan ti fẹ́ bá wa jà. Ẹ jẹ́ kí a jà á nípàdé.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni a ó dìbò lórí rẹ̀. Ìwé tí ẹ ó kọ orúkọ àwọn ọmọ sí wà lọ́wọ́ akápò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti gba aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ kọ orúkọ ilé ìwé wọn sí i, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí ẹ máa ń gbé.