Àwòrán Èrò Nínú Ète Òwò

Ohun tí a óò yẹ̀ wò lónìí ni ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà to èrò ọkàn rẹ̀ sójú kan kí ó tó ná owó lórí òwò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní mind map; èmi yóò máa pè é ní àwòrán èrò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fi gègé yà á sórí ìwé, ṣùgbọ́n lóde òní, kọ̀ǹpútà àti fóònù alágbèéká ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe é. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ǹjẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè ran oníṣòwò lọ́wọ́ láti mọ ibi tí òwò rẹ̀ ń lọ, kí ó sì dá àrà tuntun, àbí ẹ̀ṣọ́ ojú lásán ni?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà fò lókè jù, Ìlọrin ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Fate kọjá ní ìlú náà yóò rí i pé ojú pópó òwò ni. Ilé ìtura wà níbẹ̀, ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù lóríṣiríṣi sì wà níbẹ̀. Kò jìnnà sí Tanke, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin pọ̀ sí. Bí ó ti rí ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, bí ṣọ́ọ̀bù kan ti ń ṣí ni òmíràn ń kógbá sílé. Ẹni tí ó kógbá sílé lè má jẹ́ ọ̀lẹ, ó sì lè má jẹ́ òmùgọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó mọ gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó mọ̀ wọ́n. Kò tò wọ́n pọ̀ kí ó rí bí ọ̀kan ṣe ń fa èkejì.

Bí a ṣe ń ya àwòrán èrò kò le. A óò kọ kókó ọ̀rọ̀ sí àárín ìwé, a óò sì jẹ́ kí ẹ̀ka ńláńlá yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀ka wẹ́wẹ́ yóò tún ti yọ. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni a ń kọ sí ẹ̀ka kan, a kì í kọ odindi gbólóhùn. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ka ìdílé, pé baba ńlá kan bí ọmọ mẹ́rin, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sì bí tiwọn, kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí. Bẹ́ẹ̀ ni a tún lè fa ìlà láti ẹ̀ka kan dé ẹ̀ka mìíràn tí ó jìnnà sí i, bí ìgbà tí ọmọ ilé kan bá fẹ́ ọmọ ilé kejì, tí ìdílé méjèèjì sì di àna ara wọn. N óò máa pe irú ìlà yìí ní ìlà àna. Òun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹni tí ó sọ àwòrán èrò di olókìkí ní ayé òde òní ni Tony Buzan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní 1942, tí ó sì kú ní 2019. Orí amóhùnmáwòrán BBC ni ó ti tan ìmọ̀ náà kálẹ̀ ní 1974, nínú ètò tí a pè ní Use Your Head. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀ka ṣe àpèjúwe ìmọ̀ o. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ya ìpín ìmọ̀ bí igi. Ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, Joseph Novak àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mú irú tiwọn jáde ní àwọn ọdún 1970. Tiwọn yàtọ̀ ní ti pé wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìlà tí ó so èrò méjì pọ̀, kí ó lè hàn kedere bí wọ́n ṣe tan mọ́ra. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1990, ètò kọ̀ǹpútà tí a wá mọ̀ sí MindManager jáde. FreeMind, tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí, àti XMind wà lára àwọn tí ó tẹ̀lé e.

Kí ni kọ̀ǹpútà wá fi kún un? Bí ẹ bá fi gègé ya àwòrán, tí ẹ sì rí i pé ẹ̀ka kan kò yẹ níbi tí ó wà, ẹ ní láti pa á rẹ́ tàbí kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ yà. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ óò di ẹ̀ka náà mú, ẹ óò sì gbé e lọ síbi tí ó yẹ, pẹ̀lú gbogbo ọmọ tí ó bí. Ẹ lè pa ẹ̀ka tí ẹ kò nílò dé, kí ẹ sì tún ṣí i nígbà tí ẹ bá fẹ́. Ẹ lè so ìwé ìṣírò owó mọ́ ọn. Pẹ̀lú àwọn ètò tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kan ní Fate, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, lè jọ máa kọ tiwọn sórí àwòrán kan náà. Èrò kì í tò wá bí ọmọ iléèwé tí ń wọ kíláàsì. Gìrì ni ó ń dé. Ohun tí ó bá jẹ́ kí a lè tún un tò láìṣe wàhálà jẹ́ ìrànlọ́wọ́ gidi.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lára ọ̀ràn tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin fúnra rẹ̀. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Ìlọrin lókìkí fún lantana, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi òkúta pupa ṣe. Iṣẹ́ náà tan mọ́ Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí ó tú ní àwọn ọdún 1830. J. D. Clarke kọ nípa rẹ̀ ní 1938, Ann O'Hear sì tún kọ nípa rẹ̀ ní 1986 nínú ìwé ìròyìn African Arts. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí ní Ìlọrin kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà rí.

Bí a bá kọ lantana sí àárín ìwé, ẹ̀ka mẹ́rin ni yóò kọ́kọ́ yọ. Èkíní ni òkúta: ọ̀nà jíjìn níhà àríwá ni ó ti ń wá, àwọn oníṣòwò ni ó sì ń gbé e wá. Èkejì ni ọwọ́ iṣẹ́: wọ́n ń gé e, wọ́n ń lu ú, wọ́n ń dán an, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ń rà á: àwọn ọba, ìjòyè àti ọlọ́rọ̀ ni. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ó ń bá a du ọjà: ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ń ti Yúróòpù wá, tí owó rẹ̀ kò tó ti lantana.

Bí a bá wo ẹ̀ka wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí ó dẹ́rù bani. Òkúta ń wọlé, ọwọ́ iṣẹ́ dára, oníbàárà jẹ́ ẹni ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ fa ìlà àna láti ọwọ́ iṣẹ́ lọ sí ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí Novak ti kọ́ni: “kò lè dín owó kù tó báyìí.” Ẹ fa òmíràn láti ẹni tí ń rà á lọ sí ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè kan náà: “ọrùn kan náà ni a ń fi í sí.” Kíá ni ewu náà yóò hàn. Kì í ṣe pé mo ń sọ pé àwòrán ìbá ti gba iṣẹ́ náà là. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni a ti ń wò ó, ẹni tí ó bá sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ a máa gbọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé inú ẹ̀ka kọ́ ni ewu òwò sábà máa ń fara pamọ́ sí. Àárín ẹ̀ka sí ẹ̀ka ni.

Ẹ wá fi aṣọ òfì wé e. Ìlú kan náà ni, ọwọ́ ni a fi ń hun òun náà, aṣọ tí ẹ̀rọ hun ní òkèèrè sì dojú kọ ọ́ bákan náà. Síbẹ̀, ó wà títí di òní. Nígbà tí òwú dídán dé, àwọn ahunṣọ gbà á, ó sì di èyí tí àwọn oníjó àti aláyẹyẹ ń pè ní ṣáínì-ṣáínì. Nígbà tí aṣọ ẹbí gbilẹ̀, wọ́n ń hun àwọ̀ tí ẹbí bá yàn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ní aṣọ wúwo kò wù wọ́n, a bẹ̀rẹ̀ sí rí èyí tí ó fúyẹ́, a sì ń fi òfì rán àpò àti bàtà. Òfì tí wọ́n fi ń hun ún kò yí padà púpọ̀. Òwú, oníbàárà àti ìlò rẹ̀ ni ó ń yí. Ohun tí a ń pè ní àrà tuntun nínú òwò nìyẹn: kí igi dúró, kí ẹ̀ka tuntun yọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan tí ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ òfì ní Fate. Ó kó àjọ, ó sì yá díẹ̀ kún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní yunifásítì bá a ṣí àwòrán èrò lórí fóònù. Wọ́n kọ “ṣọ́ọ̀bù òfì” sí àárín, wọ́n sì yọ ẹ̀ka: oníbàárà, òwú, ahunṣọ, owó ilé, àsìkò, àti àwọn tí ń tà bíi tirẹ̀. Lórí ẹ̀ka òwú, ẹ̀gbọ́n kọ “ń ti òkèèrè wá”. Ni àbúrò bá béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí dọ́là bá tún wọ́n ńkọ́?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 náírà nígbà tí 2024 fi parí. Wọ́n fa ìlà àna láti òwú lọ sí oníbàárà: “owó aṣọ yóò gòkè, aláṣọ ẹbí yóò dín iye kù.” Ìlà yẹn nìkan lè mú kí ó pinnu láti má ṣe ná gbogbo owó àjọ sórí ilé, kí ó fi díẹ̀ ra òwú pamọ́.

Wọn kò dúró níbẹ̀. Àbúrò fa ìlà mìíràn láti àsìkò lọ sí oníbàárà, ó sì kọ “ìgbà ìgboyè” sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Tanke, àwọn ahunṣọ wà nínú ìgboro Ìlọrin, Fate sì wà nítòsí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ta ni ó ní kí ọ̀já òfì tẹ́ẹ́rẹ́ má ṣe wà ní ọrùn ẹni tí ó gboyè? Òwú díẹ̀ ni yóò gbà, owó rẹ̀ kò ní pọ̀ jù fún òbí. Kò sí èyí tí obìnrin yìí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kò tíì di àna ara wọn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí agbára àwòrán èrò mọ. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Lórí àwòrán, gbogbo ẹ̀ka ni ó jọ ara wọn. Àwòrán kò ní sọ fún wa èyí tí yóò pa òwò. Àfi kí a kọ iye owó sí i, kí a sì jáde lọ béèrè lọ́wọ́ ahunṣọ àti oníbàárà. Ohun tí ẹni tí ó yà á kò mọ̀, kọ̀ǹpútà kò ní bá a mọ̀ ọ́n. Bákan náà, àwọ̀ mèremère lè mú kí àwòrán tí ó ṣófo dàbí ète tí ó pé. Ẹni tí ó lo ọjọ́ mẹ́ta láti kùn ún lè rò pé iṣẹ́ ni òun ń ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀rí wà fún un, ẹ̀rí náà sì ní ìwọ̀n. Ní 2002, Farrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí 50 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó lo àwòrán èrò rántí ohun tí wọ́n kà ju àwọn tí ó lo ọ̀nà tiwọn lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtara wọn kò tó ti àwọn tí a jẹ́ kí wọ́n lo ọ̀nà tí ó wù wọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi í ṣe dandan fún ẹni tí kò bá lára mu. Ẹ mú un wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí eré ọpọlọ: ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin mẹ́rin yan òwò kan ní àdúgbò wọn, kí wọ́n bi olówò léèrè, kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì fa ìlà àna mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Orí àwọn ìlà yẹn ni kí ẹ fún wọn ní máàkì lé. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ìwé àti gègé tó.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo yóò dúró sójú kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá dí i. Iṣẹ́ àwòrán èrò ni láti fi àwọn ọ̀nà yòókù hàn wá nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ wa. Rírìn wọn, ọwọ́ olówò ni ó wà.