Ọ̀dà Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Tí A Kun Ilé Tán

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, onílé a pe akunlé, ògiri a sì dán. Ohun tí ó ṣẹ́kù sínú garawa ni kì í ní olùbéèrè. Akunlé a dà á sí gọ́tà, a fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a sì tán lójú onílé. Kò tán o. Ní àdúgbò tí kànga kò jìnnà sí gọ́tà, ohun tí ilẹ̀ fà mu lónìí ni ẹlòmíràn lè fà jáde lọ́la.

Ọ̀dà tí a ń fi omi pò kò nira. Kí onílé da iyanrìn gbígbẹ tàbí èérún pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà sí i, kí ó ṣí i sílẹ̀ sí atẹ́gùn níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, títí yóò fi gbẹ tí yóò sì le. Ìgbà náà ni ó tó di ẹrù akódọ̀tí.

Ọ̀dà elépo ni kí a ṣọ́ra fún. Ó ń gbiná. Ẹni tí ó bá jù ú sínú iná pàǹtí ń wá wàhálà, nítorí agolo tí a dé pa lè bú gbàmù, èéfín rẹ̀ sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Kí a dé e dáadáa, kí a yà á sọ́tọ̀, kí a sì sọ ohun tí ó jẹ́ fún akódọ̀tí kí ó tó gbé e. Tíńà tí a fi fọ búrọ́ọ̀ṣì kò yẹ ní dídànù: bí a bá fi í sílẹ̀, ọ̀dà a rọ̀ sí ìsàlẹ̀, èyí tí ó tòrò lókè a sì tún wúlò.

Agolo àtijọ́ inú yàrá ẹrù ńkọ́? Ọdún 2021 ni NAFDAC ṣe òfin pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan. Èyí tí ó ti wà nílé ṣáájú ìgbà náà, ojú lásán kò lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé láti inú eruku ìwakùsà wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ti ọ̀dà kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Kí a má fi irú rẹ̀ tọrẹ.

Garawa pàápàá wà níbẹ̀. Ní ọjà wa, orúkọ ọ̀dà ni a fi ń pe òṣùwọ̀n gàrí! Garawa tí ọ̀dà ti gbé inú rẹ̀ rí, kí ó máa ru iyanrìn. Kí ó má ru omi mímu tàbí oúnjẹ.

Ó sàn kí a wọn ògiri kí a tó lọ ra ọ̀dà. Bí èyí tí ó dára bá sì ṣẹ́kù, ilé kéwú tí ògiri rẹ̀ ti ṣí kò jìnnà, kò sì ní bèèrè bóyá àwọ̀ rẹ̀ bára mu.