Ọwọ́ Àwọn Tí Ìyà Jẹ Rí La Ti Gba Ìgbàgbọ́ Yìí
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Ìgèdè-Èkìtì



Bí àìsàn bá dá onígbàgbọ́ gúnlẹ̀ lóde òní, tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ ń bi í ni pé, "Ṣé ìgbàgbọ́ rẹ pé ṣá?" Èmi kò fara mọ́ ìbéèrè yẹn rárá. Inú ìtàn tiwa ni n ó ti sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ó di 1846 kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Samuel Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, náà nìyẹn. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹkún inú Sáàmù ti sun ẹkún náà rí.

Tiwa ní Èkìtì kò yàtọ̀. Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ wọn ká. Lákòókò àwọn ogun ayé ìgbà yẹn, àìmọye ọmọ Èkìtì ni wọ́n kó lọ sóko ẹrú. Àwọn kan nínú wọn gbọ́ ìyìn rere lájò, nígbà tí ọ̀nà sì là, wọ́n gbé e padà wálé. Àwọn ará Adó kò gbàgbé Isaac Babamuboni, tó wà lára irú wọn. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n fi okùn fà jáde, tó ń padà wọlé láìgbé ìbọn, tí kò wá ẹni tí yóò gbẹ̀san lára rẹ̀.

Láti ibi tí a jókòó sí yìí, bí ẹ bá gba ọ̀nà Aramọkọ, tí ẹ yà ní Ìtawúrẹ́, ẹ ó dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì ló ń wà ní ìtòsí Ìkéjì-Arákejì nígbà tó gbọ́ ìpè ní 1928. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní oṣù Agẹmọ 1930, owó kòkó ti já wálẹ̀, owó orí sì wà lọ́rùn àgbẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn 1918 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó sin ọmọ. Èrò rọ́ débẹ̀, wọ́n gbé omi dání kí wòlíì lè gbàdúrà sí i. Ọ̀pọ̀ jẹ́rìí ìwòsàn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka ìtàn náà tán. Ní 1932, wọ́n sọ wòlíì yìí sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ní 26 oṣù Agẹmọ 1959, ó kú l'Ẹ́dẹ, ọmọ ọdún 55. Ẹni tí àwọn aláìsàn ń wá kiri kò dàgbà tó ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà níwájú mi. Ta ni nínú wa tó lè sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé? Pọ́ọ̀lù pàápàá bẹ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, Ọlọ́run kò sì yọ ọ́.

Níbo wá ni agbára náà wà? Ẹ wo ẹgbẹ́ àwọn ìyá nígbà tí ọkọ bá kú mọ́ ọ̀kan nínú wọn lórí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan ti ń gbá àgbàlá, ẹnì kan ti dáná, ẹlòmíràn ti gbé iṣu kaná. Kò sí ẹni tó ń wàásù. Ìyá àgbà kan jókòó ti opó náà lórí ẹní, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka Sáàmù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹkún bá dé, á dákẹ́ kí obìnrin náà sun ún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà á tún máa kà á lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọn á bá a ro oko. Mo ti ka ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ ìjìyà. Ẹsẹ̀ ààrò yẹn ló ti yé mi jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́. Ní 5 oṣù Òkúdu 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn pa nǹkan bí 40 olùjọ́sìn ní ìjọ Kátólíìkì St. Francis l'Ọ́wọ̀. Nígbà Àjíǹde 2023, àwọn ará ìjọ náà padà wọ ilé ìjọ́sìn kan náà. Ní 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ní Èkìtì wa níbí, wọ́n pa ọba méjì, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé l'Ẹ́mùré. Àwọn ọmọ padà dé, a sì dúpẹ́. Awakọ̀ wọn kò padà. Bí a bá ń kéde pé ìgbàgbọ́ ló kó àwọn ọmọ yọ, kí la fẹ́ wí nílé awakọ̀? Ibẹ̀ ló yẹ kí ìjọ ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀, mo bẹ̀ yín: bí ẹlẹ́jẹ̀ ríru bá wá fún àdúrà, ẹ gbà á fún un, kí ẹ sì bi í bóyá ó lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ má ṣe fi ẹ̀bi kún àìsàn rẹ̀.

Àbá kan ni mo ní fún àwọn ìjọ Ìgèdè, ti Áńgílíkà, ti C.A.C., ti Kátólíìkì àti àwọn yòókù, kò sì ná wọn lówó. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn opó, àwọn aláìsàn àti àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn sí. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò bẹ olúkúlùkù wò síwájú rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò lọ. Ní ìpàdé àwọn àgbà ìjọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí a tó mẹ́nu kan owó ilé tí a ń kọ́, kí a bi ẹni tí a rán bí ó ṣe bá wọn nílé, kí a sì gbọ́ èsì rẹ̀ tán.