Oògùn Ìrora àti Oògùn Ìfọ̀kànbalẹ̀: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ìyàtọ̀ Wọn

  

Ọ̀rọ̀ tí àwa tí ẹgbẹ́ yàn sí ètò ìlera gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn ni. Nínú ọjà, ẹni tó ru ẹrù títí tí ẹ̀yìn ń dùn ún á sáré wá Tramadol. Ẹni tí gbèsè ò jẹ́ kó sùn á wá Valium tàbí Lexotan. Oníkálukú ń rò pé tòun ò léwu, tẹnìkejì ló burú. Àwọn méjèèjì ló lè di bárakú, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pani lára yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ ká fi Tramadol ṣáájú. Ìdílé kan náà lòun, codeine àti morphine. Ó ń pa ìrora lóòótọ́, dókítà sì ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, ara á mọ́ ọn lára: ẹyọ kan ò ní ràn án mọ́, á di méjì, á di mẹ́rin. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àpọ̀jù rẹ̀ lè fa gìrì fún àgbàlagbà, ó sì lè dá èémí dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà: dókítà kì í jẹ́ kí àgbàlagbà lò ju miligíráàmù 400 lọ lóòjọ́. Oní 50 àti oní 100 ni NAFDAC fọwọ́ sí. Ẹni tó bá gbé oní 225 tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì, 450 nìyẹn.

Valium àti Lexotan ńkọ́? Tí dókítà bá tiẹ̀ kọ ọ́ fúnni, ó lè di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ ká lò ó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lọ. Òun nìkan kì í sábà dá èémí dúró bíi Tramadol. Ibi tí tiẹ̀ wà ni ìgbà téèyàn bá fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ti ń lò ó fún oṣù bíi mélòó kan, tó wá jù ú nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, oorun á dá, ìpayà á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gìrì sì lè mú un, kó sì pa á. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Dókítà ni kó máa bá yín dín in kù.

Ẹni tó bá fi Tramadol sílẹ̀ náà á jìyà: ara ríro, òógùn, ìgbẹ́ gbuuru. Ó le, àmọ́ kì í sábà pa ẹni tí ara rẹ̀ le.

Èyí tó wá burú jù ni kéèyàn pò wọ́n pọ̀, tàbí kó fi ọtí tàbí paraga gbé wọn mì. Lọ́dún 2016, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára oògùn méjèèjì nítorí àpòpọ̀ yìí.

Tí ẹ bá rí ẹni tó lo oògùn, tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń fà díẹ̀díẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu o, ó lè fún un. Ẹ mú páálí oògùn náà dání. Abẹ́rẹ́ naloxone wà tó ń dá èémí ẹni tí Tramadol mú padà, àmọ́ kì í ran Valium.

Ohun tá a ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ má yá ara yín ní oògùn. Ẹ má rà á lórí àtẹ. Ẹ má fún alábàárù yín ní Tramadol kó lè ru ẹrù sí i. Ẹni tó bá sì ti há sínú ẹ̀, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Aláìsàn ni, ẹ tẹ̀ lé e lọ rí dókítà.